Ta Ló Ṣí Inú Béèsì Oyèbísí?

Okùn àkọ́kọ́ tí Sàkáríyà ta lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ọ̀fun mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kí etí mi tó mọ̀.

Èmi Ẹfúnróyè ni mo máa ń dá orin nínú ẹgbẹ́ wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí a fi kó dé Gàríkì l'Àbújá, okùn ló máa ń wá ohùn mi wá, èmi kì í wá okùn lọ. Bí a bá ti jókòó, màá dá orin kan, ẹni tó mú jìtá á máa yí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn irin kékeré tó wà lórí ọrùn rẹ̀ yẹn, títí okùn á fi rọra jókòó sábẹ́ ohùn mi. Ohùn mi sì ti rẹlẹ̀, nítorí ẹni tó ti kọrin fún ogójì ọdún kò lè máa ké bí ọmọge mọ́. Jìtá béèsì wa náà rẹlẹ̀ bá mi. A kì í bi dùùrù, a kì í bi fèrè. Ọ̀fun mi ni òṣùwọ̀n.

Lọ́jọ́ náà, mo dá èyí:

Ẹni ń wá nǹkan, kó fara balẹ̀,
Ohun tó sọnù kò lẹ́sẹ̀;
Ibi tó wà náà ló wà,
Ojú ẹni ló ń rìn kiri.

Sàkáríyà ta okùn. Orin ń lọ sísàlẹ̀, béèsì wà lókè bí adìyẹ tó fò gun òrùlé. Kì í sì ṣe pé ó ga nìkan. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Béèsì tó máa ń kùn nínú àyà ẹni bí ọlọ, ó wá ń dún bí agolo tí ọmọdé ń fẹsẹ̀ gbá.

Sàkáríyà gbé ọwọ́ kúrò. Ó wo ohun tó wà lórí itan rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

Kò tíì panu dé tí Ọbayẹmí fi fò dìde. "Ìwọ! Ìwọ náà ni! O ti yọ mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi tà, o fi pàǹtí sí i!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀. Jìtá béèsì yìí, olóògbé Oyèbísí ló rà á ní tuntun l'Ékòó, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Káfíńtà ni Oyèbísí láàárọ̀, olórin ni nírọ̀lẹ́. Nígbà tó kú, Ọbayẹmí àbúrò rẹ̀ jogún béèsì, ó jogún ẹgbẹ́ mọ́ ọn, ó sì kó wa tẹ̀lé iṣẹ́ ìjọba wá sí Àbújá. Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ ẹnu Ọbayẹmí ní Gàríkì: "Bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ òyìnbó jáde náà ló wà. Orijínà ni. Ìṣó kan kò kúrò lára rẹ̀ rí!" Bó bá ń sọ ọ́ báyìí, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ara béèsì náà.

Sàkáríyà tó ń ta á fún wa, ọmọ Ìkirè, jórinjórin ni. Òun ló jó ìdajì àwọn géètì tó wà ní àdúgbò Láìfù Káńpù. Kò lè rí nǹkan kó má ronú bí òun ṣe máa tún un ṣe. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ohùn okùn yìí. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀ yìí, kí ìka lè máa yọ̀ geere." Ọbayẹmí á ní: "Lọ tún orí ara rẹ ṣe." Ọdún méjì ni wọ́n fi ń bá a bọ̀, àwa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni ẹ̀rín tán. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló ṣí àpótí béèsì: ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ọbayẹmí, ọ̀kan wà lápò Sàkáríyà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọlọ́pàá ti mú Sàkáríyà lọ sí tésàn, wọ́n gbé béèsì tẹ̀lé e bí ẹni gbé òkú. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gbé e dé kóòtù.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Rísíkàt ìyàwó Sàkáríyà ti dé ẹnu ọ̀nà mi, oyún oṣù mẹ́jọ níwájú, ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀.

"Màmá, ẹ gbà mí. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ṣé ó ṣe é?"

"Kò ṣe é!"

"Ìwọ Rísíkàt, má fi ìfẹ́ dá mi lóhùn. Kí ló jẹ́ kó dá ọ lójú?"

Ó ronú díẹ̀. "Màmá, Sàkáríyà kò lè tún nǹkan ṣe kó má fi yangàn. Nígbà tó fi irin so ìdérí ìkòkò mi, gbogbo ilé ló pè wá wò ó. Bó bá jẹ́ òun ló pààrọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé ó máa dákẹ́ ni?"

Inú mi dùn. Ẹni tó mọ ọkọ rẹ̀ báyìí, ó yẹ kí ọlọ́pàá gbà á síṣẹ́. Mo wé gèlè mi, mo ní kó lọ jókòó, kó má fẹsẹ̀ wọ́ oyún kiri nínú ọyẹ́. Èmi mú ọ̀nà tésàn pọ̀n.

Sájẹ́ǹtì Jàbárù ló wà lẹ́yìn káńtà. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ga, ó tínrín. Láti ìgbà tí mo ti fi ìró ikọ́ lásán mú olè bátìrì mọ́tò fún un, bó bá ti rí mi ni yóò ti fi fìlà rẹ̀ sábẹ́ apá.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Mo mọ̀ pé ẹ máa wá. Ṣùgbọ́n ti èyí ti parí. Ọmọ yìí ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní irinṣẹ́. Ọdún méjì ló fi ń pariwo pé òun fẹ́ tú u. Kí ló kù?"

"Ó ku kí n bá a sọ̀rọ̀."

Wọ́n mú Sàkáríyà jáde. Irun rẹ̀ kún fún ekuru, ó ń wo ilẹ̀.

"Ìyá, ẹ bi í," Jàbárù wí. "Lọ́jọ́rú, wọ́n rí i ní ṣọ́ọ̀bù Ṣítù tó ń tún rédíò ṣe ní Éríà Wáànù. Ó gbé ẹrù gbọọrọ kan tó fi bébà wé. Kí ló wà nínú ẹrù yẹn?"

"Nǹkan mi ni," Sàkáríyà wí.

"Ẹ gbọ́! Láti àná, 'nǹkan mi ni' ló ń kà bí ọmọ iléèwé."

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì. "Fi ẹrù sílẹ̀. Lánàá tí o ta okùn, kí lo kọ́kọ́ rí?"

Ó gbójú sókè nígbà náà. Bí ọmọ yìí bá gbọ́ ìbéèrè nípa béèsì, ojú rẹ̀ á tàn, ìbáà jẹ́ nínú sàárè. "Màmá, wọ́n ti yí etí rẹ̀. Èmi ni mo yí i kẹ́yìn, sí ohùn yín, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé ọyẹ́ ló fà á."

"Kí ló dé tí kì í fi ṣe ọyẹ́?"

"Ọyẹ́ á fa ọ̀kan, á dẹ èkejì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gòkè lánàá, wọ́n sì bára wọn mu rẹ́gí. Ènìyàn tó létí ló yí i."

Mo yí padà sí Jàbárù. "O gbọ́?"

"Mo gbọ́. Òun náà létí."

Òótọ́ ni. Mo ní kó lọ pe Ṣítù fún mi, kí Ṣítù kó irinṣẹ́ rẹ̀ dání.

*

Ariwo ni Ṣítù bá wọlé. Ọkùnrin kúkúrú ni, awò ojú rẹ̀ ní wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi ò ra nǹkan olè o! Rédíò ni mò ń tún ṣe! Ìyá wa, ẹ bá mi sọ fún wọn!"

"Jókòó, Ṣítù. Kí ni ọmọ yìí gbé wá bá ọ lọ́jọ́rú?"

Ṣítù wo Sàkáríyà. Sàkáríyà ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Kai," Jàbárù wí, "ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú sí ara wọn! Ẹ̀wọ̀n kan náà ló máa gba ẹ̀yin méjèèjì."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n la Ṣítù lẹ́nu. "Pákó ni! Pákó ìrókò lásán! Ó ń gbẹ́ jìtá ara rẹ̀. Ó ti gbẹ́ ẹ dé ìbàdí. Ó wá béèrè ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì máa jókòó sí ni."

Mo wo Sàkáríyà. "Pákó yìí lo fi ń pamọ́ fún ọlọ́pàá?"

"Màmá, bí Ọ̀gá bá gbọ́, á ní mo fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan tiwọn. Mo ní ó dáa, mo máa ṣe tèmi. Nínú tèmi, n kò ní fi irin wẹ́wẹ́ kankan sí ọrùn rẹ̀. Á dán bí abẹ̀bẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí, mo fi orin dá a lóhùn níbẹ̀:

Ọmọ Ìkirè gbẹ́ pákó,
Ó gbẹ́ ẹ dé'bàdí;
Ó di inú sẹ́ẹ̀lì,
Ó ní "nǹkan mi ni"!

Kọ́ńsítébù kan tó ń gbálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Jàbárù kò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ tó dára jù lọ ti di pákó. Ta ló máa ba jìtá ọlọ́jìtá jẹ́ nígbà tó ń gbẹ́ ti ara rẹ̀ lọ́wọ́?

"Ó dáa," ó wí. "Ṣùgbọ́n nǹkan bàjẹ́ nínú béèsì yẹn, kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́."

"Nítorí náà ni mo ṣe ní kí Ṣítù kó irinṣẹ́ wá. Ṣí i."

*

Orí káńtà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ṣítù tú ìṣó mẹ́rin, ó gbé ìdérí dúdú tó bo àyà béèsì kúrò, ó yọ mágínẹ́ẹ̀tì jáde lórí wáyà rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ awò ojú. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

"Ìyá wa, ta ló pe èyí ní pàǹtí? Àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe béèsì nìyí, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Ojúlówó ni. Orijínà pọ́ńbélé."

Jàbárù pàtẹ́wọ́. "Ó tán! Ojúlówó wà ní ipò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ nǹkan kan. Ọmọ yìí, máa lọ sílé."

"Dúró ná," mo wí. Mo fẹ́ kí Sàkáríyà lọ sílé, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá lọ báyìí, gbogbo Gàríkì á máa wí títí ayé pé òun ló ṣe é, pé ọlọ́pàá ni kò rí ìdí rẹ̀. Jórinjórin tí wọ́n bá pè lólè, ta ló máa ní kó wá ṣe géètì ilé òun? "Ṣítù, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi mú wáyà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń dán. Kò tíì pé oṣù kan."

"Ihò igi tó jókòó sí ńkọ́?"

Ṣítù tẹjú mọ́ inú ihò náà. Ó fi ìka tọ ẹnu ihò náà yí ká. "Ihò yìí tóbi ju mágínẹ́ẹ̀tì lọ. Wọ́n ti fi páálí dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má baà mì. Páálí tuntun. Ṣùgbọ́n ihò yẹn fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Ẹ wo bó ṣe dúdú. Ekuru inú rẹ̀ ti di ara igi."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi náà wò ó. Létí ihò náà, mo rí ìlà pẹ́ńsù mẹ́rin tó ti ń pa rẹ́. Wọ́n tọ́ bí ìlà ìwé, wọ́n gba ara wọn kọjá níbi igun kọ̀ọ̀kan.

N kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ oníṣẹ́. "Jàbárù, kí ni jórinjórin fi ń sàmì sí iṣẹ́?"

"Ṣọ́ọ̀kì."

"Alátùn-únṣe rédíò ńkọ́?"

"Wọn kì í sàmì," Jàbárù wí. "Wọ́n kàn ń lu ihò ni."

"Ta ni kì í sàmì?" Ṣítù bínú.

"Ta ló ń fi pẹ́ńsù fa ìlà kó tó gbẹ́ igi?"

Sàkáríyà ló dáhùn, jẹ́ẹ́jẹ́: "Káfíńtà."

Káfíńtà kan ṣoṣo ló ti mú béèsì yìí rí, ó sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún mẹ́fà.

"Láti àná," mo wí, "ìbéèrè tí gbogbo wa ń bi ara wa ni pé ta ló yọ ojúlówó, tó fi ayédèrú sí i. Ìrù ọ̀rọ̀ la dì mú, a fi orí rẹ̀ sílẹ̀. Oyèbísí fúnra rẹ̀ ló ti yọ ojúlówó kúrò látọjọ́ tó ti pẹ́, ó gbẹ́ ihò náà fẹ̀, ó fi nǹkan tó tóbi jù ú lọ sí i. Ohùn nǹkan yẹn la ti ń gbọ́ láti ìgbà náà tí à ń pè ní orijínà. Ẹnì kan ló wá yọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ó fi ojúlówó padà sí i, ohùn wá kú."

Jàbárù fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Olè wo ló máa jí ayédèrú, tó máa fi ojúlówó dípò rẹ̀?"

"Ẹni tó ka ojúlówó sí ju orin lọ."

Ó mọ ẹni tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ni. "Ìyá, ẹ̀rí dà? Kì í ṣe àròsọ ni mo máa kọ sínú ìwé."

"Ó wà lórí okùn. Ẹni tó fi mágínẹ́ẹ̀tì yìí sí i ló yí okùn gòkè. Kò rí èmi níbẹ̀ láti dá orin fún un, ó wá nǹkan mìíràn bi. Jẹ́ ká gbé béèsì yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí Ọbayẹmí ti ń tẹ dùùrù."

"Háà, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rí kóòtù ni. Kò lè kúrò nínú tésàn láìjẹ́ pé ọ̀gá wa buwọ́ lù ú, ọ̀gá sì ti lọ sí Àbájì."

"Ṣé ohùn rẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí kóòtù?"

Ó wò mí. "Òfin kò sọ nǹkan kan nípa ohùn."

"Sàkáríyà, ta okùn tó nípọn jù lọ fún mi. Má yí etí rẹ̀ o."

Ó ta á. Mo di ohùn náà mú lẹ́nu, mo pa ètè dé. Mmmmmm. Mo dìde, mo ń lọ.

*

Ẹ̀yin tó ti ru omi rí láìsí òṣùká, ẹ mọ bí ó ṣe rí. Bí n bá sọ̀rọ̀, ohùn á dànù. Bí n bá rẹ́rìn-ín, ó dànù. Mo ń mí nímú, mo ń kùn, Jàbárù tẹ̀lé mi lẹ́yìn pẹ̀lú kóńdó. Awakọ̀ takisí kan yọrí: "Sànnu, Màmá!" Mo ní, "Mmmmmm." Ó ní, "Yauwa!" Ìyá Àlímátù tó ń ran aṣọ lẹ́bàá ọ̀nà ké sí mi: "Ìyá Olórin, ṣé kò sí o? Ṣé wọ́n mú yín ni?" "Mmmmmm." Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Àwọn ọ̀gbẹ́ni méjì tó ń ta ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kùn, ohùn wọn burú, wọ́n fẹ́ gbọ̀n tèmi dànù. Jàbárù na kóńdó sí wọn. "Ẹ pa ẹnu mọ́! Ẹ̀rí ló wà lẹ́nu Màmá!"

Báyìí la ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Dùùrù ibẹ̀, dùùrù àfẹsẹ̀tẹ̀ àtijọ́ ni. Ó ti gbó, ohùn rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kò bá ti dùùrù mìíràn mu. Àwọn afunfèrè tí wọ́n bá pè wá síbẹ̀ máa ń sá lọ ni, wọ́n á ní fèrè àwọn kò lè bá a dọ́gba láéláé. Ọbayẹmí nìkan ló lè bá a gbé. Ó jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń múra ìsìn ọjọ́ kejì sílẹ̀.

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kò yíjú padà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mmmmmm.

Ẹ wò ó, ẹni tó ti ń tẹ dùùrù fún ìjọ fún ogún ọdún, bó bá ti gbọ́ ohùn, ìka rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ orí. Ìka òsì Ọbayẹmí rìn lọ síbi ehín dùùrù kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn dùùrù àti ohùn ẹnu mi bọ́ sínú ara wọn bí omi bọ́ sínú omi. Kò sí àlàfo kankan láàárín wọn.

Mo lanu nígbà náà. Áà, ó tù mí lára! "O ṣeun, Ọbayẹmí. Ohùn béèsì rẹ ni mo gbé wá láti tésàn."

Ó gbé ìka kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. "Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Kò yé mi."

"Ta ló yí okùn béèsì sí ohùn dùùrù yìí?"

"Ẹnikẹ́ni lè yí i..."

"Dùùrù mìíràn kò ní ohùn yìí. Sàkáríyà kì í wọ ibí, mọ́ṣáláṣí ló ń lọ."

"Àṣìṣe ni. Ó ṣèèṣì bára mu ni."

"Ó dáa. Lánàá, kò sí ẹni tó tú ìṣó kan tí o fi pariwo pé mágínẹ́ẹ̀tì ni. Ohùn ló bàjẹ́. Okùn lè gbó, wáyà lè já. Báwo lo ṣe mọ̀ pé mágínẹ́ẹ̀tì ni?"

"Torí pé òun ló máa ń wí ni! Gbogbo ìgbà ló ń wí pé òun máa pààrọ̀ rẹ̀!"

"Ó máa ń wí pé òun máa yọ irin ọrùn rẹ̀ náà. Kí ló dé tí o kò fi ẹ̀sùn ìyẹn kàn án?"

"Irin ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀, mo kúkú fojú..."

"O fojú rí ọrùn rẹ̀. Inú rẹ̀ ńkọ́, ojú wo lo fi rí i?"

Jàbárù mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọbayẹmí pa ìdérí dùùrù dé. Ohùn rẹ̀ ti kéré nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Sàkáríyà ló ní ká ṣí i lójú gbogbo ẹgbẹ́, ká rí i bóyá orijínà ni lóòótọ́. Mo fi ìbínú gbà. Mo dá ọjọ́. Mo wá ní kí n kọ́kọ́ ṣí i wò fúnra mi, kí ojú mi rí ohun tí mo ti fi ń yangàn. Màmá, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo lẹ àwòrán kékeré kan mọ́ béèsì yẹn lára. Ẹ̀gbọ́n mi fọ́ mi létí. Ó ní ohun tí oníṣẹ́ ti ṣe parí, a kì í fi kún un. Gbogbo ayé mi ni mo fi di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Mo ṣí i, mo bá nǹkan gbàǹgbà kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ we wáyà yí ká, tó sì gbẹ́ ihò igi fẹ̀ nítorí rẹ̀. Ojú tì mí fún un. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ojúlówó láti Kàdúná. Yàrá ẹ̀yìn níbí ni mo ti fi í sí i, mo yí okùn rẹ̀ sí dùùrù. Mo rò pé ohùn rẹ̀ máa dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orijínà kọ́?"

"O wá gbọ́ ọ lánàá."

"Mo gbọ́ ọ. Mo rí ojú gbogbo yín. Ẹnu mi ló sáré jù mí lọ."

"Ẹnu rẹ ló sáré. Ta ló fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí tésàn?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìdérí dùùrù.

Inú ti fẹ́ bí mi, ṣùgbọ́n ohun kan ń yí lọ́kàn mi. Ọdún kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀fun dùn mí fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo padà, ohùn mi ti bọ́ sísàlẹ̀, béèsì kò lè tẹ̀lé mi débẹ̀, bó bá débẹ̀ á máa rọ bí okùn aṣọ. Mo sunkún. Mo ní orin mi ti tán. Oyèbísí gbé béèsì lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó gbé e dé, ohùn rẹ̀ ti ní ikùn, ó ń dún nísàlẹ̀ níbi tí ohùn mi wà. Mo bi í. Ó ní okùn tuntun ni. Mo gbà á gbọ́! Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọlọgbọ́n!

Mo sọ ọ́ fún Ọbayẹmí níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Níbo lo ju nǹkan yẹn sí?"

"N kò lè jù ú nù." Ó tẹ̀ síwájú, ó fa ìdì áńkáṣíìfù kan jáde lábẹ́ àga dùùrù.

*

Nígbà tí a padà dé tésàn, Rísíkàt ti wà níbẹ̀. Mo ní kó jókòó sílé, ta ló gbọ́ràn? Jàbárù mú ìwé, ó mú bírò, ó wo Ọbayẹmí.

"Kí ni kí n kọ?"

Ọbayẹmí kò wo ìwé. Ó dojú kọ Sàkáríyà lójú ìyàwó rẹ̀, lójú Ṣítù, lójú kọ́ńsítébù tó ń gbálẹ̀. "Sàkáríyà, mo purọ́ mọ́ ọ. Èmi ni mo ṣí i. Mo máa sọ ọ́ bákan náà níwájú ẹgbẹ́."

"Lójú gbogbo èèyàn ló sọ tàná," Rísíkàt wí. "Níwájú gbogbo àdúgbò ni kó ti sọ tòní náà. Ilẹ̀ yìí ni ọkọ mi sùn sí."

"Màá sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí ẹ bá ní kí n dé, ìyàwó."

Mo rò pé Sàkáríyà máa bú u. Ìyẹn ni ìbá tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ yìí ti lọ sórí káńtà, síbi tí mo tú ìdì yẹn sí. Ó gbé nǹkan Oyèbísí sókè, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ka ìyíká wáyà lára rẹ̀ bí ẹni tó ń ka irun orí ọmọ.

"Ọwọ́ ni wọ́n fi we é," ó wí. "Ṣítù, wò ó. Ọwọ́ lásán! Ọ̀kan kò gun èkejì."

"Mo rí i," Ṣítù wí, ó sì yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

Sàkáríyà gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti Kàdúná wá. Méjèèjì jókòó sórí káńtà ọlọ́pàá, ọ̀kan ń dán, ọ̀kan dúdú. "Ọ̀gá, béèsì yín ni. Èwo ni kó wọlé?"

Ọbayẹmí wò wọ́n. Kọ́ńsítébù dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ti ẹ̀gbọ́n mi," ó wí.

Ṣítù ti ki irin ìyọ́lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bọ iná, ó ti ń gbóná, ó nà án sí Sàkáríyà. Sàkáríyà kò gbà á.

"Rárá o. Ọ̀gá ní kí n má fọwọ́ kàn án. Kí Ọ̀gá fọwọ́ ara wọn ṣe é, kí gbogbo wa rí i."

Ọbayẹmí gba irin náà. Wáyà ń sá fún un, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Sàkáríyà ń wò ó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó sún mọ́ káńtà, ó fi ìka méjì di ẹnu wáyà náà mú fún un.

"Ẹ jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì yọ́ dáadáa," ó wí, "kí ẹ tó gbé irin kúrò."